Booker T. Washington àti Ẹṣin Tí Kò Dé Oko Wa

Ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan tó ti kú tipẹ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n oko bàbá mi àgbà ní Obbo-Ilé ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà ti bá mi.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ sílé láti kó ọ̀rọ̀ jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Orúkọ irinṣẹ́ àti iṣẹ́ oko nínú ẹ̀ka èdè wa ni mò ń gbà sílẹ̀. Bàbá àgbà ń kọ ebè, èmi ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n jókòó láti sinmi, mo fi fídíò kan hàn wọ́n: ẹṣin ńlá méjì ń fa ohun ìtúlẹ̀ lóko kan ní òkè òkun, òmíràn sì ń wọ́ ìtì igi jáde nínú igbó. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n tún un gbé sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé kí ló dé tí àwọn bàbá wa, tí wọ́n mọ ẹṣin, kò fi ẹṣin ro oko rí. Ẹṣin tí àwọn gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹṣin ogun ni. Bí àwọn ará ìgbà náà bá ti gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́ṣin ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìlọrin, orí òkè ni wọ́n ń sá lọ.

N kò rí èsì kankan fún wọn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo wo ọ̀rọ̀ tí mo kó jọ. Èyí tó bá ẹṣin rìn nínú wọn, ti ìgùn ni gbogbo rẹ̀: gàárì, ìjánu, kẹ́sẹ́. Oyè tó bá ẹṣin rìn, ti ogun ni: Ṣárùmí ni olórí àwọn agẹṣinjagun ní Ìbàdàn. Nínú òwe, ẹni tó gun ẹṣin ni à ń kìlọ̀ fún pé ilẹ̀ ló ń bọ̀, òwe fúnra rẹ̀ sì ni ẹṣin tí ọ̀rọ̀ ń gùn. N kò rí ibi kan tí ẹṣin ti ń fa nǹkan lóko. Kódà, nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa dé ibi tí wòlíì Àìsáyà ti sọ̀rọ̀ idà tí a ó fi rọ ohun ìtúlẹ̀, ọ̀bẹ-plau ni wọ́n kọ. Wọ́n mú ọ̀bẹ tiwa, wọ́n so ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn nídìí. Ibi tí nǹkan kò bá sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀.

Níbi tí mo ti ń wá ìdí rẹ̀ kiri ni mo ti kan orúkọ kan tí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ rí, Booker T. Washington. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó dá ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee sílẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹṣin àti ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀ ti gbìyànjú láti wọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ní Tógò, àti ohun tí ojú àwọn tó kó wọn wá rí.

Ọmọ orí ẹṣin

Wọ́n bí Booker ní ọdún 1856 ní oko kan ní Hale's Ford, ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Ẹrú ni Jane ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹrú ni òun náà láti ọjọ́ tó dáyé. Òyìnbó ni bàbá rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n. Inú ilé ìdáná tí ìyá rẹ̀ ti ń dáná fún gbogbo oko ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí àkísà ni wọ́n sì ń sùn.

Ó kéré jù láti ṣe iṣẹ́ oko gidi, nítorí náà iṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n ń rán an. Èyí tó bẹ̀rù jù nínú wọn ni gbígbé àgbàdo lọ sí ibi ọlọ, tó tó máìlì mẹ́ta sí oko. Wọ́n á gbé àpò àgbàdo wúwo lé ẹṣin lẹ́yìn, ìdajì lọ́tùn-ún, ìdajì lósì, wọ́n á sì gbé ọmọ náà jókòó lé e. Bó bá dé àárín ọ̀nà, àpò náà á fì sí apá kan, á já bọ́, òun náà á sì bá a ṣubú. Kò lágbára láti gbé e padà. Á jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, á máa sunkún fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ yóò fi kọjá. Ilẹ̀ á ti ṣú kó tó délé, bẹ́ẹ̀ inú igbó ni ọ̀nà náà gbà, wọ́n sì ti sọ fún un pé àwọn sójà tó sá lógun fara pamọ́ síbẹ̀, wọ́n ń gé etí ọmọ dúdú. Bó bá wá délé lóru, ìbáwí tàbí ẹgba ló ń dúró dè é.

Ẹ fi ọmọ yìí sọ́kàn, ẹni tí ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí yóò bá a gbé ẹrù. A ó tún padà bá a.

Ní 1865, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, ẹrú sì di òmìnira. Ọkọ ìyá rẹ̀ ti lọ sí Malden ní West Virginia, ó sì ní kí wọ́n máa bọ̀. Ẹrù wọn ni wọ́n kó sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ rin èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn àjò náà, tó jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì. Ní Malden, ibi tí wọ́n ti ń se iyọ̀ ni wọ́n fi í sí. Nọ́ńbà 18 ni wọ́n máa ń kọ sára àgbá iyọ̀ tí ọkọ ìyá rẹ̀ bá dì. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí Booker mọ̀ ọ́n kà láyé rẹ̀. Kò mọ lẹ́tà kankan, ṣùgbọ́n ibi yòówù tó bá ti rí 18, ó mọ̀ ọ́n.

Ìtàn orúkọ rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù, bóyá nítorí ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́, ó gbọ́ tí olùkọ́ ń pe orúkọ, ó rí i pé orúkọ méjì ni àwọn ọmọ tó kù ní, òun sì ní ẹyọ kan. Kí ó tó kàn án, ó ti rí ọgbọ́n dá. Nígbà tí olùkọ́ bi í, ó ní Booker Washington ni òun ń jẹ́, bí ẹni tó ti ń jẹ́ ẹ bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó gbọ́ pé ìyá òun ti sọ òun ní Taliaferro láti kékeré, ó sì fi í sáàárín. Lọ́dọ̀ wa, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òun kò ní ilé tí yóò wò, ó sọ ara rẹ̀ lórúkọ.

Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú nínú ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Hampton. Ní 1872, ó gbéra lọ. Ọ̀nà náà tó 500 máìlì. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlú Richmond, abẹ́ pákó tí èèyàn ń gbà kọjá lẹ́bàá títì ló ń sùn, ó sì ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi kó lè rí owó jẹun. Nígbà tó dé Hampton, olùkọ́ tó bá níbẹ̀ kò sọ pé òun gbà á, kò sì lé e. Ó kàn ní kó lọ gbá yàrá kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Obìnrin náà fi áńkáṣíìfù nu ara ògiri àti tábìlì, kò rí eruku. Ìdánwò ìgbaniwọlé rẹ̀ nìyẹn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní 1875.

Ẹṣin afọ́jú

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1881, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ sí ìlú Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama. Akẹ́kọ̀ọ́ 30 ló bẹ̀rẹ̀, òun nìkan sì ni olùkọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ fún wọn ní dọ́là 2,000 lọ́dún fún owó oṣù olùkọ́, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀, kò sí ilé. Ó yá dọ́là 250 lọ́wọ́ akápò Hampton láti fi san ìdajì owó oko kan tí ilé ńlá rẹ̀ ti jóná. Ilé ẹṣin àti ilé adìyẹ tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n fi ṣe kíláàsì.

Ẹran ọ̀sìn àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ni ẹṣin arúgbó kan tó fọ́jú, tí òyìnbó kan nínú ìlú fi ta wọ́n lọ́rẹ. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ iṣẹ́ oko. Olùkọ́ ni púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n wá kàwé láti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́ àti àáké ni, wọn kò sì rí ohun tó pa igbó ṣíṣán pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́. Washington kò bá wọn jà. Lẹ́yìn kíláàsì ọ̀sán, ó gbé àáké tirẹ̀ kọ́ èjìká, ó ṣáájú wọn wọ igbó. Nígbà tí wọ́n rí i pé ojú kò ti ọ̀gá, wọ́n tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣán ilẹ̀ tó tó 20 éékà, wọ́n sì gbin nǹkan sí i.

Wọ́n fẹ́ fi bíríkì kọ́lé. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sun bíríkì tó bà jẹ́. Owó tán. Washington fi aago rẹ̀ dógò, ó gba dọ́là 15, wọ́n sun ìkẹrin, ó sì dára. Kò rí owó fi gba aago náà mọ́. Nígbà tí yóò fi di 1900, ilé 40 ló ti wà lórí ilẹ̀ náà, mẹ́rin péré sì ni kì í ṣe ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́ ọ. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, wọ́n ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin fún ara wọn àti fún tità. Ẹṣin afọ́jú kan ti di ẹran ọ̀sìn tó lé ní 200: ẹṣin, ìbaaka, màlúù. Láàárọ̀, Washington fúnra rẹ̀ á gun ẹṣin yí oko náà ká, á wo iṣẹ́ kí ó tó jẹun.

Kí ni ẹṣin ń ṣe fún àgbẹ̀ ní tòótọ́? Èyí ni mo rò pé ó yẹ ká mọ̀, torí àwa kò rí i rí. Bí wọ́n bá so àjàgà tó yẹ mọ́ ọn lọ́rùn, kì í ṣe ọrùn ló fi ń fa ẹrù; àyà àti èjìká ló fi ń tì í síwájú. Ọkọ́ ń fi ẹ̀yìn èèyàn ṣiṣẹ́, ohun ìtúlẹ̀ ń fi èjìká ẹran ṣe é. Ọ̀rọ̀ éékà tí à ń lò yìí gan-an, ní Yúróòpù àtijọ́, ìwọ̀n ilẹ̀ tí màlúù méjì lè tú lójúmọ́ kan ni. Ara ẹran ni wọ́n fi wọn ilẹ̀.

Washington fẹ́ kí àǹfààní yìí dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí kò lè wá sílé ẹ̀kọ́. Ní 1906, George Washington Carver, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti wá sí Tuskegee ní 1896, ya àwòrán kẹ̀kẹ́ kan. Morris K. Jesup fi owó sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn án, ẹran ń fà á láti abúlé dé abúlé. Irinṣẹ́ àti irúgbìn wà nínú rẹ̀, Thomas Campbell sì ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ lórí oko wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń rìn lórí táyà igi.

Ìrìn àjò sí Tógò

Lọ́dún 1900, àwọn ará Jámánì wá bá Washington. Tógò wà lábẹ́ wọn nígbà náà, wọ́n sì fẹ́ kí òwú tó dà bíi ti Amẹ́ríkà máa ti ibẹ̀ jáde. Washington gbà. Ó rán mẹ́rin nínú àwọn ènìyàn Tuskegee: James Calloway tó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni olórí wọn, John Robinson, Allen Burks àti Shepherd Harris sì bá a lọ. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n kúrò ní New York, wọ́n gba Jámánì kọjá, wọ́n sì dé Lomé bí ọdún ti ń parí. Wọ́n kó ohun ìtúlẹ̀ dání, wọ́n kó kẹ̀kẹ́ ẹrù dání, àti ẹ̀rọ tó ń ya òwú kúrò lára irúgbìn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹran láti fà.

Tove ni wọ́n fi ibùdó sí, nínú ilẹ̀ àwọn Ewe. Ẹran tí wọ́n rí kó wá kú. Ẹṣin kú, màlúù kú. Eṣinṣin tsetse ló ń pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ tsetse, láti inú èdè Setswana ló ti wá. Àrùn tó ń gbé wọ inú ẹran, nagana ni wọ́n ń pè é láti inú èdè Zulu. Ní 1895 ni David Bruce tó jẹ́ dókítà ológun ti rí kòkòrò àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran ní ilẹ̀ Zulu. Ìdí kan náà nìyí tí Ọ̀yọ́, tó lókìkí lórí ẹṣin, fi ní láti máa ra ẹṣin láti apá àríwá nígbà gbogbo, tí ẹṣin kò sì lè pẹ́ nínú igbó wa. Ìdí kan náà ni tí ohun ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà fi gbilẹ̀ lápá Katsina, Kano àti Zaria láti àwọn ọdún 1920 síwájú, tí kò sì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí ẹran kú tán, iṣẹ́ kò dúró. Èèyàn ni wọ́n fi rọ́pò ẹran. Àwọn ọkùnrin ló fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn ló fa ohun ìtúlẹ̀, àwọn náà ló ń yí ẹ̀rọ òwú tó yẹ kí ẹṣin máa yí. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Ewe ti mọ òwú gbìn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé láti Alabama. Wọ́n ń gbìn ín pọ̀ mọ́ àgbàdo àti iṣu lórí ilẹ̀ kan náà, wọn kò sì nílò ẹṣin fún un. Òwú nìkan lórí ilẹ̀ gbalasa ni ìjọba fẹ́.

Ìrìn àjò náà gba ẹ̀mí. Harris kú ní Tógò. Nígbà tí àwọn mìíràn ń bọ̀ láti Tuskegee ní 1902, omi gbé méjì nínú wọn lọ ní etíkun Lomé kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Robinson ló pẹ́ jù. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé ní 1904. Ìjọba Jámánì ló ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá síbẹ̀ láti agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ní 1909, ó rì sínú odò Mono.

Washington kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Adúláwọ̀ rí. Láti òkèèrè ló ti ń ka ìròyìn, ó sì ka iṣẹ́ náà sí àṣeyọrí. Ọkùnrin kan náà wà lára àwọn tó gbé ohùn sókè nípa ìwà ìkà tí wọ́n ń hù ní Kóńgò. Ìwà ìkà ti Kóńgò hàn sí i. Okùn tó wà léjìká àwọn ọkùnrin Tove kò hàn sí i.

Àríyànjiyàn àti ikú

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń bá a jà nílé. Ní 1895, ní Atlanta, ó sọ fún àwọn aláwọ̀ funfun àti dúdú pé kí àwọn èèyàn òun kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kí wọ́n ní nǹkan, kí wọ́n má tíì jà lórí pé kí gbogbo èèyàn jókòó pọ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn. Ní 1901, ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde, ó sì bá Ààrẹ Theodore Roosevelt jẹun alẹ́ ní ilé ìjọba. Ṣùgbọ́n ní 1903, W.E.B. Du Bois kọ̀wé tako èrò rẹ̀. Èrò Du Bois ni pé ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, tí a kò sì jẹ́ kó kàwé dé òkè, kò lè dá ààbò bo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ikú Washington ni àwọn ìwé rẹ̀ fi hàn pé ó ń fi owó ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ó ń tẹrí ba ní gbangba, ó sì ń jà níkọ̀kọ̀.

Ó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn ikú ìkejì: Fanny, Olivia, lẹ́yìn náà Margaret. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1915, lẹ́ni ọdún 59. Ilé tó wà ní Tuskegee nígbà náà ti tó ọgọ́rùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ sì tó 1,500. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Èsì tí mo rí fún Bàbá àgbà

Mo pe Bàbá àgbà lórí fóònù, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀. Mo ní kì í ṣe àìgbọ́n àwọn bàbá wa ni kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹṣin ro oko, eṣinṣin ni. Ó dùn mọ́ wọn nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí àwọn èèyàn ti rọ́pò ẹṣin ní Tógò, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá bi mí bóyá wọ́n bi àwọn ọkùnrin náà kí wọ́n tó gbé okùn lé wọn léjìká. Mo sọ fún wọn pé ìjọba tó wà níbẹ̀ ń fi ipá mú èèyàn ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ní ẹ̀yin èèyàn kò yẹ fún àjàgà, bó ti wù kí iṣẹ́ náà dára tó.

Láti ìgbà náà, ọmọ tó ń sunkún lẹ́bàá àpò àgbàdo kò kúrò lọ́kàn mi. Ó mọ bí ẹrù ṣe ń wúwo ju agbára ẹni lọ. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi wá bí ẹrù náà yóò ṣe fúyẹ́ lórí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì rí i ṣe ní Alabama. Ní Tógò, kò sí níbẹ̀ láti rí ẹni tí ẹrù náà bọ́ sí lórí. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo sì gbà pé ó ṣì í níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, wọ́n máa ń bi wá pé kí la fẹ́ fi ẹ̀kọ́ èdè ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tuskegee bi irú rẹ̀ nípa àáké. Mo ti fi orí kan kún iṣẹ́ àṣekágbá mi báyìí, lórí ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ẹrù ní Obbo-Ilé: bí a ṣe ń rù ú, bí a ṣe ń gbé e, bí a ṣe ń fi ọmọlanke tì í. Ìsinmi tó ń bọ̀, màá padà lọ gbà wọ́n sílẹ̀. Bàbá àgbà ti ní kí n má gbé fóònù nìkan wá. Kí n mú ọkọ́ tèmi lọ́wọ́.